Dúrọ́ọ̀ Kẹta

Èmi ni mo ń gba fọ́ọ̀mù nílé iṣẹ́ wa
ní ọ̀nà Àsà Dam, níbi tí eruku ìyẹ̀fun
ti bo ewé máńgòrò bí ọyẹ́ tó gbàgbé àtilọ.
Ìbéèrè mẹ́rìnlá ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà.
Orúkọ. Àdúgbò. Ìwé mélòó lo kà?
Ta ni yóò dúró fún ọ?
Ìkẹsàn-án ló ń pa ènìyàn:
Ǹjẹ́ o ti ṣẹ̀wọ̀n rí?
Àpótí kékeré méjì, bí ojú ọmọ eku.
Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọ̀gá ò fi ìwé pàṣẹ.
Ó kàn sọ ọ́ lọ́jọ́ kan tó ń bó ọsàn pé,
"Sẹ̀líátù, àwọn tó bá fàlà sí 'Bẹ́ẹ̀ ni',
dúrọ́ọ̀ kẹta ni kí o máa kó wọn sí.
Má lé wọn. Má pè wọ́n. Ṣáà máa kí wọn dáadáa."
Mo sì ń kí wọn dáadáa.
Ọdún márùn-ún.

Dúrọ́ọ̀ kẹta yìí, olóríkunkun ni.
O fà á, kò wá. O tì í, kò lọ.
Mo ti fi èékánná méjì san owó orí rẹ̀.

Ọjọ́ Àlàrùbá kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán,
Búsàrí wọlé. Ọmọ Òkèlélé,
ìyá rẹ̀ ń mọ ìkòkò,
amọ̀ gbígbẹ ṣì wà létí ṣòkòtò rẹ̀.
Ó mú bírò, ó kọ orúkọ, kò kánjú.
Nígbà tó dé ìkẹsàn-án, ó mí kanlẹ̀.
Ó fàlà sí "Bẹ́ẹ̀ ni",
ó tún fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé:
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ni mo jí. Kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́.
Ọdún mẹ́ta. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ti dárí jì mí.

Mo rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀.
Lẹ́yìn náà mo fa dúrọ́ọ̀.
Kò wá.

Ó ń wò mí. Ó sún mọ́ tábìlì.
"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ gbé e sókè díẹ̀ lápá òsì
kí ẹ tó fà á. Pákó tútù ni wọ́n kó fún wa lọ́jọ́ náà,
mo sọ fún wọ́dà pé yóò lọ́."
Ó fọwọ́ kan gbé e, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.
Dúrọ́ọ̀ ṣí wẹ́rẹ́.

Ó fi abẹ́ pákó hàn mí:
B kékeré kan, tí wọ́n fi ìṣó gbẹ́,
àti ọdún tó kàn án, ní Òkè-Kúrá,
lẹ́yìn ògiri tí mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sọ́jà.
Tábìlì tí mo fi ń jẹun ọ̀sán.
Àga tí Ọ̀gá fẹ̀yìn tì.
Owó pọ́ọ́kú la fi rà wọ́n,
kò sẹ́ni tó bi tábìlì léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Ìgbà yẹn ló tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀.
Fọ́ọ̀mù lórí fọ́ọ̀mù, etí wọn ti pọ́n,
ìkẹsàn-án gbogbo wọn dúdú síbì kan náà.
Ó mọ orúkọ kan. Ó pè é jẹ́ẹ́jẹ́:
"Wòrú náà?"
Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá ríbi sá sí.

Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.
Ìdí eléyìí ti gbóná. Ata dà?
Ní Òkèlélé, ìkòkò tí kò tíì mọ iná
wọn kì í gbé e lọ sọ́jà.
Àwa tí à ń yan ènìyàn, a ní èyí tó la iná kọjá ti bàjẹ́.

Ó fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lé wọn lórí fúnra rẹ̀,
ó ti dúrọ́ọ̀ padà, ó bọ́ sáyè rẹ̀ gẹ́ẹ́.
"Apá òsì o, Àǹtí. Ẹ má fi èékánná yín ṣòfò mọ́."
Ó kí mi dáadáa.

Láàárọ̀ yìí mo gbé apá òsì sókè.
Mo kó gbogbo wọn, mo tò wọ́n sórí tábìlì Ọ̀gá,
ti Wòrú, ti Búsàrí, ti àwọn tí mi ò rántí ojú wọn.
Mo ti jókòó báyìí.
Mò ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.